Fúlàní, Zarma, Yorùbá: Báwo ni ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wa ṣe tó, kí sì ni ibà àti wàrà ń ṣe sí ìṣirò rẹ̀?

Bí èèyàn bá gba orí afárá Kennedy kọjá Odò Ọya nílùú Niamey, tó jẹ́ olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, apá ọ̀tún odò náà ló máa bọ́ sí. Apá ibẹ̀ ni Yunifásítì Abdou Moumouni wà. Apá ibẹ̀ náà ni àdúgbò Lamordé wà, tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Èdè Fúlàní ni orúkọ Lamordé. Ohun tó túmọ̀ sí ni ibùjókòó ọba, ìyẹn ibi tí aláṣẹ ń gbé. Àmọ́ Fúlàní nìkan kọ́ ló ń gbé Niamey lónìí. Zarma àti Songhai wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Tuareg wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Yorùbá náà ti fi ìlú ọ̀hún ṣe ilé. Odò kan náà ló ṣàn láàárín gbogbo wọn, ẹ̀fọn kan náà ló sì ń jẹ wọ́n lásìkò òjò.

Ìbéèrè kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ní irú ìlú báyìí: ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀yà yìí yàtọ̀ síra? Bó bá yàtọ̀, báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tó?

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kì í dúró sójú kan. Ó lè lọ sókè fíofío níbì kan nínú ara, kó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo níbòmíràn, láàárín àwọn ẹ̀yà méjì kan náà. Lára ohun tó ń fà á ni ibà, wàrà màlúù, àti ohun tí àwọn baba ńlá wa là kọjá kí wọ́n tó bí wa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán rárá. Ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà yìí kà lè fún aláìsàn ní ìtọ́jú tí kò yẹ ẹ́, ó sì lè sọ pé aládùúgbò rẹ̀ kì í ṣe irú èèyàn tí òun jẹ́.

Kí ni nọ́ńbà náà?

FST ni wọ́n ń pè é. Onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Sewall Wright, ló ṣe àlàyé ìṣirò náà nínú iṣẹ́ tó gbé jáde lọ́dún 1951, àwọn onímọ̀ sì ń lò ó títí di òní.

Láti lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú kóńgò ẹ̀wà méjì. Ká ní ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa ni wọ́n pò pọ̀ sínú kóńgò kọ̀ọ̀kan. Kóńgò kan dúró fún ẹ̀yà kan. Horo ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan dúró fún jíìnì kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tí èèyàn gbà lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tó ń sọ bí ara yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Jíìnì kan náà lè ní irú méjì, bí ẹ̀wà ṣe ní funfun àti pupa.

Bí ẹ̀wà funfun bá jẹ́ ìdá 50 nínú 100 nínú kóńgò méjèèjì, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. FST jẹ́ 0.

Bó bá jẹ́ ìdá 60 nínú kóńgò kan àti ìdá 40 nínú èkejì, FST jẹ́ 0.04. Ó kéré, nítorí pé ẹni tó bá di ojú rẹ̀, tó mú horo kan, kò lè fi àwọ̀ horo náà sọ kóńgò tó ti mú un.

Bó bá jẹ́ ìdá 90 àti ìdá 10, FST ti di 0.64. Bí kóńgò kan bá wá jẹ́ funfun pátápátá, tí èkejì jẹ́ pupa pátápátá, FST jẹ́ 1. Kò sí ìyàtọ̀ tó lè ju ìyẹn lọ.

Bíbù láìwò àti ṣíṣà

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni kóńgò méjì tó jọra tẹ́lẹ̀ lè gbà di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkíní ni bíbù láìwò. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ bu ẹ̀wà díẹ̀ nínú àpò, láìwo àwọ̀ rẹ̀, ó lè ṣèèṣì jẹ́ pé funfun ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ìdílé díẹ̀ lè kúrò nílùú kan lọ tẹ ìlú mìíràn dó, kí àwọn jíìnì kan sì pọ̀ láàárín wọn nítorí pé àwọn tó lọ ló ṣèèṣì ní i. Èèṣì bẹ́ẹ̀ máa ń kan gbogbo jíìnì lápapọ̀. Ohun tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé, ìrìnàjò kò mọ jíìnì kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Èkejì ni ṣíṣà. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà mọ ohun tó ń wá. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní àṣàyàn ìṣẹ̀dá, èyí tí Charles Darwin àti Alfred Russel Wallace kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fáráyé lọ́dún 1858. Bí irú jíìnì kan bá ń jẹ́ kí ọmọ là á já níbi tí ibà ti ń pa ọmọdé, àwọn tó ní i ló máa dàgbà tí wọ́n á sì bímọ. Láti ìran dé ìran, jíìnì náà á máa pọ̀ sí i. Kò sí ẹni tó jókòó tó ń ṣà á. Ikú ọmọdé ló ń ṣà á.

Ṣíṣà kì í kan gbogbo jíìnì bí bíbù láìwò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé kàn nìkan ló ń kàn. Ìdí nìyí tí FST fi lè sọ ohun kan nípa gbogbo ara, kó sì sọ ohun mìíràn nípa jíìnì kan ṣoṣo.

Ohun tí àwọn ará Ìbàdàn fi han àgbáyé

Lọ́dún 1972, Richard Lewontin ṣe ìṣirò lórí jíìnì 17 tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀, láti ara àwọn ẹ̀yà káàkiri àgbáyé. Ohun tó rí ni pé nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ ènìyàn, nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ló wà láàárín àwọn èèyàn tó jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Ìdá bíi 15 tó kù ló wà láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà àti láàárín àwọn ará ilẹ̀ kan sí ilẹ̀ mìíràn.

Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ọmọ Yorùbá méjì tí wọn kò bá ara wọn tan lè fi ọ̀pọ̀ nǹkan yàtọ̀ síra nínú jíìnì wọn, ju ohun tí gbogbo Yorùbá lápapọ̀ fi yàtọ̀ sí ẹ̀yà mìíràn lọ.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 2002, iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀. Àwọn 269 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn fún abala àkọ́kọ́. Lára wọn ni ọmọ Yorùbá 90 láti Ìbàdàn, ìyẹn ìdílé 30 tí bàbá, ìyá àti ọmọ kan ti kópa. Àwọn yòókù wá láti Utah ní Amẹ́ríkà, láti Beijing ní China àti láti Tokyo ní Japan.

Ẹ̀yà Áfíríkà kan ṣoṣo ló wà nínú abala àkọ́kọ́ yẹn: Yorùbá ti Ìbàdàn ni. Títí di òní, bí èèyàn bá ń ka ìwé ìmọ̀ nípa jíìnì, tó rí lẹ́tà mẹ́ta YRI, àwọn ará Ìbàdàn yìí ni wọ́n ń sọ.

Bí wọ́n bá fi gbogbo jíìnì ṣe ìṣirò, FST láàárín Yorùbá ti Ìbàdàn àti àwọn tó wá láti Yúróòpù jẹ́ nǹkan bí 0.15. Láàárín Yorùbá àti Esan, tí wọ́n jọ wà ní gúúsù Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0. Kódà bí a bá mú Yorùbá àti Mende ti Sierra Leone, tí ilẹ̀ wọn jìn síra gan-an, nọ́ńbà náà kò tó 0.01.

Èyí ni àpapọ̀. Àmọ́ bí a bá tú u sí wẹ́wẹ́, ohun mìíràn ló ń jáde.

Ilẹ̀kùn tí ibà tì

Lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní Duffy. Ó dà bí ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni irú kòkòrò ibà kan tó ń jẹ́ Plasmodium vivax máa ń gbà wọlé.

Lọ́dún 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tí kò bá ní ilẹ̀kùn yìí lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀, irú ibà yẹn kì í sábà rí i gbé ṣe. Lọ́dún 1995, àwọn olùwádìí mìíràn rí ohun tó fà á: lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú àkọsílẹ̀ jíìnì náà.

Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn pátá ni ìyípadà yìí wà lára wọn. Ní Yúróòpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹnikẹ́ni tó ní i. Kóńgò kan funfun, kóńgò kan pupa. Ní ojú kan ṣoṣo yìí, FST láàárín Yorùbá àti ará Yúróòpù súnmọ́ 1, nígbà tó jẹ́ pé 0.15 ni ti àpapọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí a bá padà sí ilé. Láàárín Yorùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ojú kan náà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0, nítorí pé gbogbo wọn ló ti ilẹ̀kùn náà. Ṣíṣà kan náà ló sọ wọ́n di ọ̀tọ̀ sí àwọn ará ọ̀nà jíjìn, òun náà ló sì sọ wọ́n di ọ̀kan náà láàárín ara wọn.

Wàrà tó jẹ́ kí Fúlàní jọ ará Finland

Ọ̀rọ̀ wàrà tún yà á lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ọmọ ọwọ́ ló lè mu wàrà. Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí ara ọmọdé mọ bó ṣe ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Àmọ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn lágbàáyé bá ti dàgbà, ara wọn á dáwọ́ iṣẹ́ yẹn dúró. Bí wọ́n bá mu wàrà tútù púpọ̀, inú wọn á máa kùn, ó sì lè di ìgbẹ́ gbuuru. Bí wàrà bá ti kan bíi nọ́nò, ṣúgà inú rẹ̀ máa ń dín kù, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi lè mu ún láìsí wàhálà.

Lọ́dún 2002, àwọn olùwádìí ní Finland rí lẹ́tà jíìnì kan tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà máa bá iṣẹ́ yìí lọ. Ó pọ̀ gan-an ní àríwá Yúróòpù. Lára Yorùbá ti Ìbàdàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Àwọn darandaran kan ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà náà lè mu wàrà dàgbà, àmọ́ lẹ́tà mìíràn ló ń ṣe é fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 ṣe fi hàn.

Fúlàní ńkọ́? Lẹ́tà kan náà tó wà ní Finland ni àwọn olùwádìí rí lára wọn. Ìwádìí kan lórí àwọn Fúlàní Burkina Faso, tó jáde lọ́dún 2019, sọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá Áfíríkà tí wọ́n fẹ́ra láyé àtijọ́ ni jíìnì náà ti wọ ìran wọn. Lẹ́yìn náà, ẹran ọ̀sìn àti wàrà mímu ló sọ ọ́ di púpọ̀ láàárín wọn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé jíìnì yìí nìkan sórí ìwọ̀n, yóò sọ pé Fúlàní súnmọ́ ará Finland ju bó ṣe súnmọ́ Yorùbá lọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí 2019 yẹn kan náà fi hàn pé apá tó pọ̀ jù nínú ìran Fúlàní wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí. Jíìnì kan sọ ohun kan, gbogbo ara sì sọ òmíràn. Kò sí èyí tó parọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀kan ń sọ ìtàn wàrà, èkejì ń sọ ìtàn ìran.

AA, AS àti SS: nígbà tí ṣíṣà ń mú kí wọ́n jọra

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ṣíṣà máa ń fi kún ìyàtọ̀. Nígbà mìíràn, ńṣe ló máa ń dín in kù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ jẹ́nótáìpù wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè náà ló jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ra, ọmọ wọn lè jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn sickle cell, tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Lọ́dún 1954, Anthony Allison, tó ṣe ìwádìí ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, ṣe àlàyé ìdí tí jíìnì tó ń pa ọmọ báyìí kò fi parẹ́. Ẹni tó bá jẹ́ AS, ibà kì í sábà kọ lù ú débi tí yóò fi kú. AA ń kú lọ́wọ́ ibà, SS ń kú lọ́wọ́ àrùn, AS ló sì ń là á já jù. Nípa bẹ́ẹ̀, jíìnì A kò lè lé S lọ, S náà kò sì lè lé A lọ.

Níbi gbogbo tí ibà ti le, ṣíṣà yìí máa ń ti jíìnì S síbi tó jọra. Ìdí nìyí tó fi wà lára Yorùbá, lára àwọn ará Congo, àti lára àwọn ẹ̀yà kan ní India. Bí a bá fi jíìnì yìí nìkan wọn ìyàtọ̀, a lè rò pé àwọn tí ilẹ̀ wọn jìn síra yìí súnmọ́ ara wọn ju bó ṣe rí lọ. Ibà kan náà ló ń ṣà wọ́n.

Nítòsí Niamey, jíìnì mìíràn tún wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní C. Àárín Burkina Faso àti àríwá Ghana ló pọ̀ sí jù lágbàáyé, ó sì ń dín kù bí èèyàn bá ṣe ń jìnnà sí ibẹ̀. Ìwádìí David Modiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Burkina Faso, tó jáde lọ́dún 2001, fi hàn pé ewu ibà dín kù ní ìdá 29 nínú 100 fún ẹni tó jẹ́ AC, ó sì dín kù ní ìdá 93 fún ẹni tó jẹ́ CC. Ibà kan náà ni, àmọ́ ibí yìí ló ti rí ojútùú mìíràn. Nítorí náà, bí S ṣe ń mú kí àwọn tó jìnnà síra jọra, bẹ́ẹ̀ ni C ń mú kí àwọn tó súnmọ́ra yàtọ̀.

Àdììtú Fúlàní àti ibà

Ọ̀nà tó gba apá ọ̀tún odò jáde kúrò ní Niamey gba Torodi lọ sí ẹnubodè Burkina Faso. Ní orílẹ̀-èdè yẹn ni wọ́n ti rí ohun tó yẹ kí ó kọ́ gbogbo èèyàn lọ́gbọ́n.

Lọ́dún 1996, Modiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀yà mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gbé agbègbè kan ní àríwá ìlà-oòrùn Ouagadougou: Mossi, Fúlàní àti Rimaibé. Ẹ̀fọn tó ń jẹ gbogbo wọn kò yàtọ̀. Síbẹ̀, kòkòrò ibà kéré nínú ẹ̀jẹ̀ Fúlàní ju ti àwọn yòókù lọ, ibà kì í sábà dá wọn dùbúlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ ogun ara wọn sì ń gbéjà ko kòkòrò náà ju ti àwọn aládùúgbò wọn lọ.

Ẹni tó bá mọ ìtàn AS àti AC yóò tètè sọ pé ó ní láti jẹ́ pé jíìnì wọ̀nyí pọ̀ lára Fúlàní. Àwọn olùwádìí náà wò ó. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 yàtọ̀ pátápátá sí èrò yẹn: jíìnì S, C àti àwọn mìíràn tí aráyé mọ̀ pé wọ́n ń dènà ibà kéré lára Fúlàní ju lára Mossi àti Rimaibé lọ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìran àwọn tí Fúlàní fi ṣe ẹrú láyé àtijọ́ ni Rimaibé. Èdè Fúlàní ni wọ́n ń sọ, àṣà wọn sì jọra. Síbẹ̀, bí ibà ṣe ń ṣe Mossi ló ṣe ń ṣe wọ́n.

Nítorí náà, èdè kò sọ bí ara èèyàn ṣe máa bá ibà jà. Jíìnì tó lókìkí jù náà kò sọ ọ́. Títí di òní, kò sí jíìnì kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ fẹnu kò lé lórí pé òun ló fa ìyàtọ̀ náà.

Òkúta inú ẹ̀wà

Ohun kan tún wà tó máa ń ru ìṣirò náà lójú, tí kì í tètè hàn síta.

Ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà mọ̀ pé, bí ó bá fi ọwọ́ mú òkúta, horo ẹ̀wà díẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ máa ń bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn jíìnì ṣe wà lórí ìlà kan nínú ara, wọ́n so mọ́ra. Bí ìṣẹ̀dá bá ń yọ jíìnì tó ń ṣèpalára kúrò, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ máa ń bá a lọ, bí wọn kò tiẹ̀ ṣe ohunkóhun. Nípa bẹ́ẹ̀, oríṣiríṣi tó wà ní ojú ibẹ̀ nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á dín kù.

Ohun tí èyí ń ṣe sí FST ni pé nọ́ńbà náà á lọ sókè. Ìdí ni pé FST kì í ka ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yà méjì lásán. Ńṣe ló ń fi ìyẹn wé gbogbo oríṣiríṣi tó wà níbẹ̀ lápapọ̀. Bí oríṣiríṣi inú ilé bá dín kù, ìyàtọ̀ ìta á dà bí ẹni pé ó pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò níbi tó wà. Brian Charlesworth ló kìlọ̀ nípa èyí lọ́dún 1998, pé kí àwọn onímọ̀ má ṣe fi FST nìkan ṣe òdiwọ̀n.

Àṣìṣe tó tún wúlò

Ẹ̀wẹ̀, ohun tó ń ru ìṣirò lójú yìí náà ni àwọn onímọ̀ sọ di irinṣẹ́. Lọ́dún 1973, Lewontin àti Krakauer sọ pé, níwọ̀n bí ìrìnàjò àti èèṣì ti ń kan gbogbo jíìnì, jíìnì tí FST rẹ̀ bá ga tàbí tó kéré ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ jìnnà yẹ lẹ́ni tí à ń fura sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ṣíṣà ti wáyé.

Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣàríwísí bí wọ́n ṣe ṣe ìṣirò náà, nítorí pé àwọn ẹ̀yà tó bára tan lè jọra láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣà wọ́n. Àmọ́ wọ́n tún un ṣe, èrò náà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń wá ibi tí àrùn ti fi àmì sílẹ̀ nínú ara ọmọ ènìyàn.

Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí Áfíríkà tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ H3Africa gbé àbájáde jáde lórí àwọn 426 láti ẹ̀yà 50 ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí ìyípadà jíìnì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Wọ́n sì rí ojú 62 tí ìṣẹ̀dá ti ṣà gidigidi, tí aráyé kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé kóńgò Ìbàdàn nìkan kò tó láti fi mọ ohun tó wà nínú àpò Áfíríkà.

Kí ló kan aláìsàn nínú èyí?

Ó kàn án gan-an.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká padà sórí ilẹ̀kùn Duffy. Lọ́dún 2009, David Reich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìyípadà tó ti ilẹ̀kùn yẹn náà ló jẹ́ kí iye irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní neutrophil, kéré nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà. Kì í ṣe àìsàn. Bí ara wọn ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń lò, láti ara àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti ṣe é. Dókítà tí kò bá mọ̀ lè rò pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ti bàjẹ́, kó sì dín oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ kù tàbí kó dá a dúró.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Pé jíìnì S kéré lára Fúlàní kan ní agbègbè kan kò túmọ̀ sí pé Fúlàní tó jókòó síwájú dókítà kò lè jẹ́ AS. Ìdá nínú ẹ̀yà ni nọ́ńbà náà ń sọ, kò sọ ohunkóhun nípa ẹnì kan pàtó. Ní Niamey, ibùdó ìjọba kan wà tó jẹ́ ti àrùn sickle cell nìkan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ jẹ́nótáìpù èèyàn. Orúkọ ẹ̀yà kò lè sọ ọ́, ilà ojú kò sì lè sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ibà fúnra rẹ̀. Fúlàní tí ibà kì í sábà dá dùbúlẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ikú ibà. Láti ọdún 2012 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti dá a lámọ̀ràn pé kí wọ́n máa fún àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Sahel, tí Niger wà lára rẹ̀, ní oògùn adènà ibà lóṣooṣù lásìkò òjò. Oògùn yẹn àti àwọ̀n ẹ̀fọn wà fún gbogbo ọmọ, láìbéèrè ẹ̀yà ìyá rẹ̀.

Ta wá ni àjèjì?

Lásìkò tí ọ̀rọ̀ Fúlàní àti àwọn aládùúgbò wọn ń dá wàhálà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Mali, Burkina Faso àti Niger, kò ṣòro fún ẹni tó bá ń wá ìjà láti mú jíìnì kan jáde pé, ẹ ò rí i, wọn kì í ṣe ara wa. Ẹlòmíràn náà lè mú jíìnì mìíràn jáde, tí yóò fi hàn pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa. Àwọn méjèèjì á rí nọ́ńbà tí wọ́n ń wá, nítorí pé ojú tí èèyàn bá yàn láti wò ló ń pinnu ohun tó máa rí.

Ohun tí ìṣirò náà ń sọ gan-an kò tó nǹkan tí wọ́n lè fi jà. Ó ń sọ pé ibà jẹ àwọn baba ńlá wa níyà, pé olúkúlùkù wá ọ̀nà tirẹ̀ láti là á já, pé àwọn kan mu wàrà tí àwọn mìíràn kò mu, pé àwọn kan fẹ́ ìyàwó ní ọ̀nà jíjìn. Àmì ohun tí wọ́n là kọjá wà ní ibi díẹ̀ nínú ara wa. Ibi tó kù, tó sì pọ̀ jù, jọra.

Ní Lamordé, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí Odò Ọya kún, ẹ̀fọn á tún jáde. Kì í béèrè ẹ̀yà kó tó jẹni.